Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú àwọn òbí: báwo ni kí n ṣe fi kíláàsì sáyẹ́ǹsì JSS 1 hàn wọ́n?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (Òṣogbo)
*Ọjọ́ Ajé, aago 7:20 àárọ̀*

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 ní Basic Science ní iléèwé ìjọba kan ní Òṣogbo. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó pe àwọn òbí àwọn ọmọ tuntun wá sí iléèwé, wọ́n sì ti fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti fi kíláàsì mi hàn wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ohun tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá kò so èso, mi ò sì fẹ́ tún un ṣe.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo dìde, mo ka òfin kíláàsì fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀: iye nóòtù tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní, orúkọ ìwé tí wọn yóò rà, ọjọ́ tí iṣẹ́ àṣetiléwá gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mi, ìyà tó wà fún ọmọ tí kò bá ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni mo ka àkọlé ẹ̀kọ́ fún sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti orí ìmọ́tótó ara àti oúnjẹ aṣaralóore títí dé orí agbára àti ilẹ̀ ayé. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló jáde, ìyẹn ni pé èló ni ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àbájáde rẹ̀ hàn sí mi. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀wà mẹ́wàá àti òwú díẹ̀ wá láti ilé, kí a lè gbìn wọ́n sínú ike, kí wọ́n sì máa fi rúlà wọn gíga rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan dúró sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó di ẹ̀wà sínú láílọ́ọ̀nù, ó tó ìlàjì kóńgò, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ gbà, ẹ lọ sè é jẹ, ṣùgbọ́n ẹ má rán ọmọ mi wá gba oúnjẹ nílé mi mọ́." Ojú tì mí gidigidi. Ìyá yẹn kò ṣẹ̀ mí rárá. Èmi ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀ fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mi ò sọ fún un ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò máa fi ẹ̀wà, òwú àti rúlà ṣe lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí wọ́n pè yín sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ẹ kò gbọ́? Ẹ̀yin olùkọ́, kí ni ẹ ṣe tó mú kí òbí padà wá bá yín sọ̀rọ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Òde)
*Ọjọ́ Ajé, aago 9:05 àárọ̀*

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá olùkọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Integrated Science ni à ń pè é, lábẹ́ ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SSS, mẹ́rin ní fásítì) tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1982. Ó di Basic Science nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó wọ kíláàsì ní 2008. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba òbí lẹ́rù kò yí padà. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé sáyẹ́ǹsì jẹ́ ti ọmọ tó máa di dókítà tàbí ẹnjiníà, àti pé òbí tí kò bá kàwé jìnnà kò ní ohun kan tó lè bá ọmọ sọ nípa rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dúró tí ẹ ń ka àkọlé ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kọjá wọn, kí wọ́n ṣáà máa san owó.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nóòtù ọmọ kan tó ti kọjá sí JSS 2 lé wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ náà, kí wọ́n ṣí i fúnra wọn. Wọ́n á rí àwòrán ewé tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Wọ́n á rí ibi tó ti ń wọn omi òjò nínú agolo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á rí ibi tó ti kọ iye kan, tó fà á rẹ́, tó sì kọ òmíràn nítorí pé ó padà lọ wọ̀n ọ́n. Ibi tí ọmọ ti fa ìdáhùn rẹ́ yẹn ni mo máa ń dúró lé jù. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, nóòtù tó dára ni èyí tí kò ní àparẹ́ kankan. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí ọmọ bá rí i pé òun ṣì í wọ̀n, tó sì padà síbi agolo náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì gan-an ló ń ṣe yẹn, kí wọ́n jọ̀wọ́ má nà án nítorí pé ìwé rẹ̀ kò mọ́.

Ìyá Aláró (Abẹ́òkúta)
*Ọjọ́ Ajé, aago 1:40 ọ̀sán*

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èmi kì í ṣe olùkọ́. Aró ni mò ń rẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ìyá mi ni, iṣẹ́ ìyá tó bí i náà sì ni. Ọmọ mi obìnrin wọ JSS 1 ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ pín bébà pélébé fún wa, ó ní kí olúkúlùkù kọ iṣẹ́ tó ń ṣe àti ohun kan tó máa ń ṣọ́ra fún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Èmi kọ ọ́ pé, "Aláró ni mí. Mo máa ń ṣọ́ra kí aró má kú."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán síbẹ̀. Ní sáà kejì ni olùkọ́ ránṣẹ́ pè mí, ó ní wọ́n ti dé orí bí nǹkan ṣe ń yí padà, kí n wá fi ohun tí ojú mi ń rí hàn àwọn ọmọ. Mo gbé ìkòkò aró kékeré kan lọ pẹ̀lú àjákù aṣọ funfun. Mo ti aṣọ bọ inú aró, mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, mo fà á yọ. Àwọn ọmọ pariwo, nítorí pé aṣọ náà kò dúdú. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló ní. Mo nà án sókè. Kí ó tó pẹ́, etí rẹ̀ ti ń di búlúù, búlúù náà sì ń wọ àárín lọ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi gbà á. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo nǹkan yìí. Olùkọ́ ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé aró inú ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán, pé omi eérú àti bí ìkòkò náà ṣe ń kan ló ń sọ ọ́ di ohun tó lè yòrò wọ inú òwú, àti pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń dá a padà sí búlúù tí kò tún lè yòrò jáde mọ́. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé aṣọ gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́. Ìdí rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ọmọ mi léèrè ohun tí wọ́n ṣe ní sáyẹ́ǹsì, nítorí mo mọ̀ pé ó kan èmi náà. Ọ̀gá olùkọ́, ẹ bi àwọn òbí nípa iṣẹ́ wọn kí ẹ tó sọ tiyín.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ (Ìlọrin)
*Ọjọ́ Ajé, aago 8:15 alẹ́*

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń dà mí láàmú tí n kò rí olùkọ́ kankan kó sọ ọ́ fún òbí. Ọmọ mi ọkùnrin wọ JSS 1 lọ́dún tó kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa, mo sì ní kí ọmọ náà kúrò nínú oòrùn kí ibà má bàa ṣe é. Ó wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé oòrùn ni?" Ìyá mi patẹ́wọ́, ó ní ọmọ mi ti di ọmọ òyìnbó. Inú bí mi púpọ̀. Nígbà tí mo pè é sí kọ̀rọ̀ láti bá a wí, ó sunkún, ó ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló sọ pé kí àwọn máa béèrè "báwo lẹ ṣe mọ̀" nípa ohunkóhun tí wọ́n bá gbọ́.

N kò bá olùkọ́ náà jà. Mo mọ̀ pé ọmọ náà sọ òótọ́ nípa ẹ̀fọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n kọ́ ọmọ mi ní àṣà kan ní iléèwé tí ó tako àṣà tí a fi ń tọ́ ọmọ nílé, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó pe èmi bàbá rẹ̀ láti sọ fún mi pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi kíláàsì yín hàn wá, ẹ fi èyí náà hàn wá.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Òde)
*Ọjọ́ Ajé, aago 9:30 alẹ́*

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni òbí máa ń gbé mì, tó sì máa ń di ìjà lẹ́yìn.

Nínú èdè wa, "báwo lẹ ṣe mọ̀" lẹ́nu ọmọ sí àgbà dà bí ìgbà tí ó ń sọ pé àgbà náà ń parọ́. Ní kíláàsì, ohun tí a ní lọ́kàn kì í ṣe ẹni tó sọ̀rọ̀, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ náà àti ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èmi kọ́ àwọn ọmọ mi láti máa sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo la ṣe mọ̀?" Nígbà tí "ẹ" bá di "a", ọmọ náà kì í bá àgbà ṣe ẹjọ́ mọ́, òun àti àgbà jọ ń wá ìdí rẹ̀ ni. Mo máa ń mú kí wọ́n fi ṣe eré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ọmọ kan á di bàbá, èkejì á béèrè, àwọn yòókù á sọ bóyá ìbéèrè náà ní ọ̀wọ̀ nínú. Ní ìpàdé òbí, mo máa ń sọ ọ́ kedere pé, "Ọmọ yín yóò béèrè báwo la ṣe mọ̀. Bí ẹ bá mọ ìdáhùn, ẹ fún un. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó bi mí, kí ó sì wá sọ fún yín." Kò sí òbí tí inú rẹ̀ kò dùn sí i nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ fún un ṣáájú.

Ní ti ìyá yín, ẹ bá mi kí wọn, ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn nìkan kọ́ ni wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Malaria tí òyìnbó ń pe ibà yìí, láti inú èdè Ítálì ló ti wá, "afẹ́fẹ́ búburú" ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé òórùn àbàtà ni àwọn náà di ẹrù rẹ̀ rù. Ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà òyìnbó kan, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Bí ọmọ bá mọ ìtàn yìí, kò ní fi ojú òpè wo ìyá àgbà rẹ̀.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta (Maryland, Amẹ́ríkà)
*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:10 àárọ̀*

Ẹ kú ilé o. Mo rí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn tí mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Àkọ́bí mi wà ní iléèwé àárín níbí, tí wọ́n fi ń ka ìpele kẹfà sí ìkẹjọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ìrọ̀lẹ́ kan wà tí òbí yóò máa ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe lójúmọ́, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kì í sì í ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ọmọ mi kò ka òfin kankan. Ó ti kọ òfin sínú lẹ́tà tí a mú relé. Nígbà tí a wọlé, ife oníke kan tí omi dídì kún wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ara ife náà ti làágùn, omi sì ti kó sábẹ́ rẹ̀. Ó bi wá pé, "Níbo ni omi tó wà lára ife yìí ti wá?" Ó ní kí a bá ẹni tó jókòó tì wá sọ ọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ife náà ń jò. Mo nù ún gbẹ pẹ̀lú ańkáṣíìfù mi, mo gbé e sókè, a jọ ń wò ó. Ibi tí mo ti nù ún tún làágùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ihò kankan. Ìgbà yẹn ni ẹlòmíràn sọ pé inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, pé ooru omi tí a kò fojú rí ló ń di omi nígbà tó bá kan ara ife tó tutù. Olùkọ́ kò sọ ẹni tó gbà á. Ó ní, "Ohun tí ẹ ṣe yìí ni ọmọ yín yóò máa ṣe lọ́dọ̀ mi." Ìlànà tí ìpínlẹ̀ wa tẹ́wọ́ gbà ní 2013 ló ń tẹ̀ lé: ọmọ yóò kọ́kọ́ rí ohun kan tó yani lẹ́nu, yóò sì gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo nǹkan ló dán níbí. Ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tí à ń ṣe iṣẹ́ méjì kì í lè dé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, tí olùkọ́ á sì gbà pé ọmọ wa kò ká wa lára. Ọ̀gá olùkọ́, ẹ ro ti àwọn tí kò ní lè wá. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lórí WhatsApp, ní Yorùbá, kí ọmọ lè gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Olùkọ́ Tuntun (Àkúrẹ́)
*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:25 àárọ̀*

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní iyèméjì lórí ọ̀rọ̀ èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ yóò fi ṣe ìdánwò ìparí JSS 3, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá iléèwé wa sì ní kí a máa sọ fún òbí, kí wọ́n má bàa rò pé a kò mọṣẹ́. Bí òbí bá ń fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì nílé, ṣé kò ní da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọmọ náà lójú?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Òde)
*Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:50 àárọ̀*

Ọmọ mi, ẹ̀rù yẹn ti pẹ́, wọ́n sì ti dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n fi wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní agbedeméjì ọ̀nà, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ló ṣe dáadáa jù, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí òye ohun kan ti yé ní èdè ìyá rẹ̀ ń wá orúkọ tuntun fún ohun tó ti mọ̀ ni. Èyí tí kò yé ń há orúkọ sórí lásán. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó fún ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí òbí fi èdè tí ó gbọ́ béèrè ohun tí ọmọ rí.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (Òṣogbo)
*Ọjọ́rú, aago 6:45 àárọ̀*

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dúpẹ́ púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Òfin àti owó yóò lọ sínú lẹ́tà olójú ewé kan, Yorùbá ní apá kan, Gẹ̀ẹ́sì ní apá kejì. Mo fẹ́ fi kún un pé bí a bá ní kí ọmọ mú nǹkan wá láti ilé, iye rẹ̀ àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe yóò wà nínú nóòtù, pé kò ní ju ohun tí ọwọ́ ọmọ lè bò mọ́lẹ̀ lọ, àti pé ọmọ tí kò bá rí i mú wá yóò lo ti iléèwé láìsí ìyà.

Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà, òbí kọ̀ọ̀kan yóò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí bébà gẹ́gẹ́ bí Ìyá Aláró ṣe wí. Lẹ́yìn náà ni a ó lo ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Mo ti dán an wò: mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo da ife omi gbígbóná méjì lé e, mo jẹ́ kó tutù, mo sẹ́ ẹ. Nígbà tí mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i nínú ife kan, ó pọ́n roro. Nígbà tí mo da omi kán-ún sí òmíràn, pupa náà ṣú, ó sì di àwọ̀ ewé. Omi iyọ̀ kò yí i padà. Mo fẹ́ kí àwọn òbí kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fi ọwọ́ ara wọn dà á, kí n wá sọ fún wọn pé ásíìdì (bí omi ọsàn wẹ́wẹ́) àti álíkálì (bí omi kán-ún) tí wọ́n máa rí nínú ìwé ọmọ wọn ni wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá. Ṣé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á gbà á?

Ìyá Aláró (Abẹ́òkúta)
*Ọjọ́rú, aago 12:30 ọ̀sán*

Yóò gbà á bí ẹ bá ti sẹ́ sóbò náà sílẹ̀ láti ilé. Ẹ lọ kán-ún kúnná, kí ó sì yòrò tán kí wọ́n tó dé. Bí ó bá ṣì le, wọ́n á máa rò ó títí àkókò á fi lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: bí aláró tàbí ẹni tó ń se ọṣẹ bá wà láàárín wọn, wọ́n lè ní kí àwọn gbé kọ́sítíìkì sódà wá. Ẹ má gbà. Ó ti bó mi lọ́wọ́ rí, àpá rẹ̀ ṣì wà. Omi eérú tó ti sẹ́ tán nìkan ni kí ẹ gbà, kí ẹ̀yin fúnra yín sì dà á.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ (Ìlọrin)
*Ọjọ́rú, aago 7:00 alẹ́*

Ẹ má gbàgbé "báwo la ṣe mọ̀" o. Mo ti ń lò ó nílé. Ọmọ náà bi ìyá mi lánàá bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, wọ́n sì jókòó tì í, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe máa ń sun èèpo ọsàn láti lé ẹ̀fọn ní ìgbà èwe wọn.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (Òṣogbo)
*Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, aago 5:20 ìrọ̀lẹ́*

Ẹ dákun, iṣẹ́ kò jẹ́ kí n tètè padà wá jábọ̀.

Òbí tó wá lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n, àwọn ìyá àgbà mẹ́rin sì wà nínú wọn. Nígbà tí mo gbé ife jáde, mo bi wọ́n ohun tí omi iyọ̀ yóò ṣe sí sóbò, ilé sì pín sí méjì. Ìyá àgbà kan ní kò lè ṣe é ní nǹkan, nítorí pé iyọ̀ kò kan, kò sì korò. Nígbà tí wọ́n dà á tí kò yí padà, gbogbo ilé patẹ́wọ́ fún wọn. Bàbá kan tó ń gba iná sí bátìrì ọkọ̀ dìde, ó ní bí sóbò bá kan omi bátìrì, yóò pọ́n ju ti ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Mo ní òótọ́ ni, ásíìdì tó le gan-an ni, mo sì fi àyè yẹn sọ ọ́ fún gbogbo wọn pé ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án, ká má tilẹ̀ sọ pé yóò gbé e wá. Ó ti gbà láti wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní sáà kejì, yóò sì mú ike bátìrì òfìfo tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ dání kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Mo gba ohùn mi sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá, méje nínú wọn sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ohùn tiwọn.

Ìyá tó gbé ẹ̀wà wá bá mi lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀, nítorí pé àbúrò ọmọ yẹn ló wọ JSS 1 báyìí. Kò sọ̀rọ̀ kankan nígbà tí ìpàdé ń lọ. Ó mú lẹ́tà, ó kà á, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tí mo tún ní kí wọ́n mú ẹ̀wà mẹ́wàá wá, ọmọ rẹ̀ gbé méjìlá kalẹ̀ nínú bébà tí wọ́n ká. Mẹ́wàá dán, kòkòrò sì ti lu méjì. Ọmọ náà ní màmá òun ló ṣà wọ́n, pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí kòkòrò ti lu lè hù, àti pé kí a gbìn ín lọ́tọ̀ kí ó má bàa dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

A gbìn wọ́n lọ́tọ̀. Nínú mẹ́wàá tó dán, mẹ́sàn-án ti hù. Nínú méjì tí kòkòrò lu, ọ̀kan hù ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn àwọn yòókù, ewé rẹ̀ sì kéré. Ọmọ náà ti wọn gíga rẹ̀ sínú nóòtù rẹ̀, mo sì ní kó gbé nóòtù náà relé lọ fi han màmá rẹ̀ lọ́la.